Fọ́tò Tí O Béèrè fún Ọjà Igbá Yín

Oko-Akarè,
lẹ́yìn òjò ọ̀sán

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tó ń jẹ́ oríkì ìyá mi,

Mo kí ọ o. Ìyá rẹ náà kí ọ. Ó ní kí n kọ́kọ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi tí kì í tán. Ara wa le. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ọ̀nà tó lọ sí Adja-Ouèrè ti di ẹrẹ̀, àwọn onízẹ́mì sì ń sọ̀kalẹ̀ ti ọ̀kadà wọn bí ẹni ń ti ewúrẹ́ olórí kunkun.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé ohùn sókè, ìwọ náà sì ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára. Nẹ́tíwọ̀kì dára, Àṣàkẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń kiri ẹ̀pà níwájú ilé yín ketekete. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni kò dùn létí rẹ. Ìwé kì í pariwo, ẹni tó ń kà á sì lè gbé e sílẹ̀, kó lọ mu omi, kó tó padà wá bá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ bóyá mo ṣì í gbọ́. Ẹgbẹ́ tó gbà ọ́ síṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, èyí tó ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ tí oúnjẹ ti di ọ̀tá wọn, ti fi ọ́ ṣe olórí ọjà iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ń fín igbá, wọ́n ń hun ẹní kéékèèké, wọ́n ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Owó tí ẹ bá rí níbẹ̀ lẹ fẹ́ fi gba ilé tí wọn yóò ti máa jẹun pọ̀, kí ẹ sì fi sanwó fún obìnrin tó ń bá wọn sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. Gbogbo èyí dùn mọ́ mi nínú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá yín wá sọ pé èèyàn kì í ra igbá lásán, pé bí wọ́n bá rí àwòrán ẹni tí àìsàn náà ti ṣe rí, ọwọ́ wọn á yá sí owó. Ìwọ sì rántí fọ́tò tí a yà lọ́jọ́ kọmúníọ̀n Inyáàsì, ọmọ àbúrò ìyá rẹ, èyí tí o wọ aṣọ aláró, tí eegun ọrùn rẹ yọ síta. O ní kí n fi ránṣẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá, kí wọ́n gbé e kọ́ sẹ́yìn tábìlì tí o ti ń tajà.

Mo ní rárá. O bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mo pe ìwọ. Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀kì ti bàjẹ́.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ gbà ọ́ báyìí, kì í ṣe àṣẹ. Bí o bá rí ibi tí ó ti jọ àṣẹ, fojú fò ó.

Èkíní. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ igbá fífín lọ́dọ̀ bàbá mi, n kò ní sùúrù rárá. Mo já igbá tí kò tíì gbó, mo là á, mo ha inú rẹ̀, mo fín ẹja àti ẹyẹ sí i lára, mo rù ú lọ sọ́jà Adja-Ouèrè. Kó tó di ọ̀sán, oòrùn ti mú un, etí rẹ̀ ti ká wọnú. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ni mo bá dá ọgbọ́n. Mo ní ìyá mi wà lórí ẹní, àìsàn ti dá a wó, oògùn ni mo fẹ́ fi owó igbá rà. Àṣàkẹ́, wọ́n rà á! Igbá wíwọ́, igbá tí kò lè dúró ṣinṣin nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ tán pátá. Mo ra búrẹ́dì, mo ń jẹ ẹ́ bọ̀ wálé, mo ń súfèé.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan lára àwọn tó rà á gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá sílé wa, ó ní òun wá kí aláìsàn. Ìyá mi ló bá lójúde, tó ń la igi ìdáná.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ìyá tí ara rẹ̀ ò yá wà?"

Ìyá mi gbé àáké dúró. "Ìyá ta ni?"

"Ìyá ọmọkùnrin tó ń ta igbá."

Ìyá mi wò mí. Ó wo ẹ̀kọ náà. Ó ní, "Èmi ni. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n tètè dùbúlẹ̀ kí ẹ̀kọ má baà tutù."

Ó jẹ ẹ̀kọ náà tán, ó dúpẹ́, ó sin obìnrin náà sọ́nà. Ohun tó ṣe fún mi lẹ́yìn ìyẹn kò kan lẹ́tà yìí. Èyí tó kàn ọ́ nìyí: nígbà tí mo padà sọ́jà pẹ̀lú igbá tó gbó, tó tọ́, tó dán, ẹnikẹ́ni kò rà á. Àwọn tó ra ti àkọ́kọ́ ti ń fi í bu àgbàdo fún adìyẹ. Wọn ò ra igbá lọ́wọ́ mi rí. Àánú ni wọ́n rà, ènìyàn kì í sì í ra àánú lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Ó pẹ́ gan-an kí n tó rí oníbàárà tó máa wo igbá kó tó wo ojú mi.

Mo mọ̀ pé ìwọ kò purọ́. Àìsàn rẹ ṣẹlẹ̀, mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra igbá nítorí eegun ọrùn rẹ kò ní rí ẹja tí ọmọ kan jókòó tì títí tó fi fín in tán. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ara wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nípa iṣẹ́ wọn wàyí. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ la ṣe ń bá a pè é. Bí ọ̀gá yín bá sì ní dandan ni kí àwòrán wà, ẹ ya ọwọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń fín igbá, kí ẹ sọ ìyẹn di ńlá. Ẹ fi àga kan sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ àti àfọ́kù igbá, kí ẹni tó bá fẹ́ lè jókòó dán an wò. Ẹni tó bá ti gé ara rẹ̀ lọ́mọ ìka díẹ̀ kì í ná iye igbá mọ́.

Èkejì ṣòroó kọ, torí náà má kánjú kà á.

Nígbà tí o wà ní lísè, ilé ìwé girama yín, tí o bẹ̀rẹ̀ sí í ti abọ́ sẹ́yìn, ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde la wà. Gbogbo wa rò pé Ọlọ́run lò ń wá. Inú ìyá rẹ ń dùn. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ń fi ọ́ ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn tó ń jí ẹran nínú ìkòkò. Àjíǹde dé, a pa adìyẹ, o ní o ṣì ń gbààwẹ̀. Òjò dé, o ń gbààwẹ̀. A kórè àgbàdo, o ń gbààwẹ̀. A kò ní ọ̀rọ̀ kankan nílé wa tí a lè fi pe ohun tó ń ṣe ọ́, nítorí náà a mú èyí tó dára jù lọ nínú ọ̀rọ̀ tí a ní, a fi bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Iṣu wà lábà, epo wà nínú agolo, gàrí wà, ebi sì ń pa ọmọ wa lójú wa. Òwe yẹn kò ràn mí lọ́wọ́ lọ́dún náà.

O lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Kùtọnu, o pẹ́ níbẹ̀, o padà wálé. Ara rẹ ń bọ̀ sípò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gun zẹ́mì láti Tatonnonkon wá kí ọ. Kó tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ló ti ń pariwo:

"Háà! Ọmọ mi ti sanra! Ẹ wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ó ti sanra, Ọlọ́run ṣeun!"

Kò sí ìkíni tó dùn jùyẹn lọ lẹ́nu rẹ̀. O rẹ́rìn-ín músẹ́, o kúnlẹ̀ kí i, o wọlé lọ. O kò fẹnu kan nǹkan kan lọ́jọ́ náà, o kò fẹnu kàn án lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ sì ń sunkún nílé ìdáná, nítorí a rò pé a ti kọjá ibẹ̀.

Ìwọ lo sọ fún mi nígbà tó yá, nígbà tí o ti ń wá jókòó tì mí nídìí igbá, pé bí ẹni gbọ́ èébú lo ṣe gbọ́ "sanra". Ó yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí a bá fẹ́ràn ènìyàn, ara rẹ̀ la fi ń kí i. O sanra. O pupa. O rù, kí ló dé? Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí ara ẹlòmíràn, a sì ń pè é ní ìfẹ́. Ìfẹ́ náà ni lóòótọ́. Ohun tó mú un ṣòro nìyẹn.

Mo lọ sí Tatonnonkon. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń ṣa ẹyìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọ yìí mọ́ pé ó sanra."

"Kí ni kí n wá sọ? Pé ó rù? Ṣé kí n ṣépè fún ọmọ mi ni?"

"Ẹ má sọ pé ó sanra, ẹ má sọ pé ó rù."

Ó wò mí títí. "Àwọn dókítà Kùtọnu wá fẹ́ gba ìkíni lẹ́nu wa."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo bá a ṣa ẹyìn díẹ̀. Ó wá kàn sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹni tó ń dirun, a ní 'ojú gbooro o'. Ẹni tó ń rẹ aṣọ láró, a ní 'àrẹ̀dú o'. Ẹni tó jókòó lásán tí kò ṣe nǹkan kan, a ní 'ẹ kú ìjókòó'. Yorùbá tó rí ọ̀rọ̀ kí ọ̀lẹ, kò ní rí ọ̀rọ̀ kí ọmọ mi?"

Nígbà tó tún wá, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, ó bá ọ níbi tí o ti ń ha igbá. Ó ní, "Àṣàkẹ́, o kú ọwọ́ o." Kò wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Ó mú igbá lọ́wọ́ rẹ, ó gbé e sókè. "Ta ló fín ẹyẹ yìí? Ẹyẹ yìí mà fẹ́ fò lọ." Mo rí ojú rẹ nígbà yẹn. Nígbà tí ìyá rẹ gbé ẹ̀bà kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ̀yin méjèèjì jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan, o jẹ níwọ̀nba, ẹnikẹ́ni kò sì sọ nǹkan kan. N kò sọ pé ìkíni ló wò ọ́ sàn. Dókítà ṣiṣẹ́, ìyá rẹ gbàdúrà, ìwọ gan-an lo sì ja ogun náà. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ojú mi rí.

Nítorí náà, ṣáájú ọjọ́ ọjà, kọ́ àwọn tó ń bọ̀ bí wọn yóò ṣe kí àwọn ọmọ. Kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà bí o bá fẹ́, pé ọwọ́ wọn ni kí ẹ kí. Àwọn ìyá Àjàṣẹ́ á wá pẹ̀lú ọkàn mímọ́, wọ́n á rí ọmọbìnrin tí ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ náà á sì ti dé ètè wọn. Má bínú sí wọn. Fi igbá lé wọn lọ́wọ́ kíákíá, kí ojú wọn ríṣẹ́ ṣe.

Ìyá rẹ ń kọjá, ó ní kí n má gbàgbé láti sọ fún ọ pé kí o máa sinmi. Máa sinmi. Má ṣe máa ṣọ́ ẹnu àwọn ọmọ náà bí wọ́n bá ń jẹun, àwa ṣọ́ tìrẹ tó, kò sì ṣe ọ́ láǹfààní. Bí o bá sì rí i pé ìtọ́jú àwọn ẹlòmíràn ti ń mú kí o gbàgbé oúnjẹ tìrẹ, fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí o wálé. Kò sí ẹni tó máa bi ọ́ pé kí lo wá ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní nọ́ńbà, ìyá rẹ ló fi kún un.

Ẹ̀kẹta wà fún fọ́tò náà gan-an. O sọ fún mi rí pé nígbà tí àìsàn náà le, o ní àwòrán ọmọbìnrin kan nínú fóònù rẹ, èyí tó rù jù ọ́ lọ, pé o máa ń yọ ọ́ wò, tí o sì máa ń rò pé ọjọ́ tí o bá dà bíi rẹ̀ ni ọkàn rẹ máa tó balẹ̀. Ta ni ọmọ náà? O kò mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan bíi tiyín ló gbé àwòrán rẹ̀ síta láti fi wá ìrànlọ́wọ́. Kì í ṣe àwọn olówó nìkan ló ń bọ̀ lọ́jà yín, Àṣàkẹ́. Ọmọbìnrin kan á tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá, á dúró níwájú fọ́tò rẹ, kò sì ní rí ìkìlọ̀ kankan nínú rẹ̀. Òsùwọ̀n ló máa rí. Mo mọ̀ pé ìwọ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ọ̀gá yín náà kò rò ó débẹ̀. Bá a sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Obìnrin tó ń wá ilé fún ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìdààmú ló ń bá a.

Àwọn àgbà tún ní aláàárù tó ń jẹ búrẹ́dì, awọ orí ara rẹ̀ ló ń jẹ. Mo fẹ́ kí ẹ rí ilé náà gbà. Mo ti fín igbá tó kún àpò fún ọjà yín, ẹ̀gbọ́n mi náà ti fi ẹní sí i. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó jẹ́ pé awọ orí rẹ ni ẹ ó máa jẹ lọ́dọọdún.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ ká láti òkè wá. Ẹ̀rù ń bà mí. Òun ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Mo ń rí ọjọ́ ọjà náà bí ẹni pé mo dúró síbẹ̀. Wọ́n á wo fọ́tò, wọ́n á wo ọ́, wọ́n á tún wo fọ́tò. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á máa fi ọ́ wé ara rẹ. Gbogbo wọn á sì sọ ọ́, nítorí fọ́tò náà gan-an ló máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ọ́: "Ìwọ rèé? O mà ti sanra o!" Ìwọ á sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ fún wọn, bí o ṣe rẹ́rìn-ín fún ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló máa wà pẹ̀lú rẹ nígbà tí o bá padà sí yàrá rẹ ní Àjàṣẹ́?

O lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń tọ́jú rẹ̀, bí mo bá kórìíra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ti ní kí n fà á ya, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Gbogbo wa la wà nínú fọ́tò yẹn. Èmi rèé nínú ẹ̀wù tí mo yá, ìyá rẹ rèé, Inyáàsì di àbẹ́là mú, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ wà láàárín wa tí o ń tán lọ, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ojú rẹ̀ wà lára rẹ. Kámẹ́rà la ń wò. Mo máa ń yọ ọ́ síta nígbà mìíràn láti fi kọ́ ara mi bí a ṣe ń wo ọmọ.

Nígbà tí mo kọ ọ́ dé ibí yìí, mo rò pé mo ti ṣe tán. Mo jáde lọ síbi igbá, mo jókòó, ọkàn mi kò balẹ̀. Nígbà tí o ń ṣàìsàn, gbogbo wa la ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí ara rẹ: ìjọ, ẹbí, dókítà, ẹ̀gbọ́n mi, èmi. Ìwọ nìkan ni a kò bi léèrè. Lónìí o wá béèrè ohun kan tó jẹ́ tìrẹ, èmi sì jókòó lé e, mo ń pa òwe fún ọ.

Fọ́tò náà wà nínú àpò igbá tí awakọ̀ máa gbé fún ọ. Mo fi pépà wé e dáadáa kí ó má baà ká. Mo ti sọ èrò mi, n kò sì ní yí i padà. Bí o bá gbé e kọ́, fi tó mi létí kí n tètè wá, èmi á jókòó tì ọ́ láti àárọ̀ títí ẹ ó fi palẹ̀ mọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ara rẹ, èmi ni á kọ́kọ́ bá pàdé. Bí o bá fà á ya, n kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan.

Àwa la bí ọ, Àṣàkẹ́. Ìwọ lo ni ara rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ